Ẹ́ńjìnnì Gbígbóná Jínádù

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ wa létí ọ̀sà, tóo ní o fẹ́ ra ilẹ̀, tàbí tóo ní o rí ọmọge kan tí ìwà rẹ̀ dùn bí oyin láti àná, àgbàlagbà kan yóò wò ọ́ lójú, yóò ní: "Ẹni tó bá ẹ́ńjìnnì ní gbígbóná, kó jókòó kó tutù." Àlejò á máa wòkè wolẹ̀. Ilẹ̀ kò ní ẹ́ńjìnnì, ọmọge kò ní ẹ́ńjìnnì. Ta sì ni yóò rí ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ti yá láti lọ, tí yóò tún jókòó dè é kó tutù? Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Jínádù ará Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà ló fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sì dùn mọ́ ọn nínú lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́.

Jínádù mọ igi, ẹ jẹ́ ká má fi ìyẹn dù ú. Bàbá rẹ̀ gbẹ́ ọkọ̀ títí ó fi kú, Jínádù náà sì lè fi ìka kan gbá ìdí ọkọ̀, kó sọ irú igi tí wọ́n fi kàn án. Ibi tí wàhálà wà ni pé ó gbà pé ẹni tó mọ igi ti mọ ohun gbogbo. Ó ń fi àjẹ̀ tu èrò sọdá ọ̀sà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, títí ó fi rí Kúburá, ọmọ Èbúté-Aró, lódìkejì omi. Kúburá gbà fún un. Ìyá rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ dúró.

"Ọmọ mi kò ní í jókòó sínú ọkọ̀ alájẹ̀ lọ sílé ọkọ," ni ìyá náà wí. "Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, ẹ́ńjìnnì ló gbé wọn. Bí ọjọ́ bá pé tí n kò gbóhùn ẹ́ńjìnnì, kóo máa bá tìrẹ lọ."

Ni Jínádù bá ta ọkọ̀ alájẹ̀ méjì tó ní, ó múra àtilọ sọ́dọ̀ Àlàájì Sùbéérù tó ń ta àlòkù ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Moríámọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mẹkáníìkì dání.

"Mẹkáníìkì?" Jínádù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹja ni ẹ fẹ́ kọ́ ní odò wíwẹ̀?"

Nígbà tó dé ọ̀hún, ó bá ọkọ̀ kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú. Jínádù bọ́ aṣọ lé ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbá gbogbo pákó ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó da omi sí i nínú bóyá yóò jò, kò jò. Ó kó sábẹ́ rẹ̀, ó fi imú gbóòórùn ìdí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá sí iṣẹ́ igi, kò pẹ́ tó fi parí gbogbo rẹ̀. Igi náà dára, ó dára gan-an ni. Ìgbà yẹn ló wá rántí pé ẹ́ńjìnnì kan wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì yára gbé e kúrò.

"Ó mà gbóná!"

"Ó ti ń retí yín ni," Àlàájì Sùbéérù dáhùn.

Jínádù mi orí bí ọlọ́gbọ́n. "Òkú ló ń tutù. Èyí wà láàyè."

Àlàájì fa okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, àwọn ẹyẹ lékèélékèé tó wà nítòsí sì fò lọ. Ẹ̀rín dé etí Jínádù méjèèjì. Ó béèrè ọ̀rọ̀ epo o, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn.

"Báwo ló ṣe ń mu epo sí?"

"Epo kẹ̀? Ó kàn ń tọ́ ọ wò ni."

Ìdáhùn yìí tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò ní kí wọ́n bu epo sí i kí àwọn jọ gbé e jáde, kí òun mọ ibi tí kẹ́ẹ̀gì kan lè gbé e dé. Ó sanwó. Nígbà tó ń lọ, ó rí àjẹ̀ kan nínú ọkọ̀ náà, ó gbé e padà fún Àlàájì. "Àjẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, àbùkù ni." Bó ṣe délé, ó fi tapólì bò ó, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọjọ́ pé. Jínádù fa okùn, ẹ́ńjìnnì kò dá a lóhùn. Ó tún fà á. Ó bọ́ agbádá, ó fà á. Fìlà rẹ̀ bọ́ sómi, kò ráyè yọ ọ́. Moríámọ̀ ka iye ìgbà tó fà á dé ogójì, àánú ṣe é, ó sì jáwọ́. Ó tó ìyálẹ̀ta kí nǹkan náà tó wúkọ́, tó tu èéfín dúdú, tó sì gbéra. Nígbà tí ìyá Kúburá gbọ́ ariwo rẹ̀ lókèèrè, ijó ló bẹ́ sí.

Wọ́n kó ìyàwó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, àti ẹrù ìyàwó sínú ọkọ̀: agbada, tíréè, ìkòkò, ọmọrogùn. Àmọ́ ní ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ ìyàwó kì í padà. Bó bá tún fara kan èbúté tó ti gbéra, ìtọrọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọkọ yóò tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìkíni àkọ́kọ́, bí ìyá ìyàwó bá ṣì fẹ́ dá a lóhùn.

Wọn kò tíì dé agbedeméjì ọ̀sà tí ẹ́ńjìnnì fi dákẹ́. Kẹ́ẹ̀gì méjì tí ọkọ̀ ẹlòmíràn ń fi lọ, tó ń fi bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ̀ Jínádù ti mu ún gbẹ. Afẹ́fẹ́ sì dìde, ó ń tì wọ́n padà sí Èbúté-Aró díẹ̀díẹ̀. Ìyá Kúburá rí wọn. Ó kó sómi dé orókún, ó di ọ̀pá kan mú.

"Ẹ má kàn mí o! Ẹ má fara kan èbúté mi o!"

Kúburá ṣí ìbòjú. "Ṣé o wo ẹ́ńjìnnì yìí kóo tó rà á?"

"Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná."

"Kóo tó dé ibẹ̀ ló ti gbóná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta wá ló tàn án?"

Jínádù yọ ọwọ́ kúrò lára okùn ẹ́ńjìnnì. Ojú tì í gan-an. "Kúburá, igi ni mo mọ̀. N kò mọ ẹ́ńjìnnì. Mo kàn ń tijú àtibéèrè ni."

Kúburá wo èbúté ìyá rẹ̀, tó ti ń súnmọ́ tòsí. Bó bá kàn jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ó tún wo ọkọ rẹ̀. Ó fa ọmọrogùn méjì yọ nínú ẹrù, ó na ọ̀kan sí i.

"Ó yá, tù."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé tíréè. Báyìí ni ìyàwó ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ tu ara rẹ̀ dé ilé ọkọ, gbogbo wọn sì rin gbingbin.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Jínádù ní òun fẹ́ tà á, bàbá àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jẹ́lábí wá láti ra ọkọ̀ náà. Jínádù ti jí fa okùn láti ìdájí títí ẹ́ńjìnnì fi gbéra, ó sì pa á kí àlejò tó dé. Bàbá náà gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì.

"Ara rẹ̀ mà yá!"

"Ó ti ń retí yín ni, bàbá," Jínádù wí.

Kúburá yọ láti inú ilé, ó gbé àpótí dání. "Bàbá, ẹ jókòó."

"Ọmọ mi, n kò ráyè ìjókòó."

"Ẹni tó bá ẹ́ńjìnnì ní gbígbóná, kó jókòó kó tutù."

Ó po gààrí fún un, ó fi ẹja yíyan tì í. Jínádù ń fojú bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀, Kúburá kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Bàbá Ọ̀jẹ́lábí mu abọ́ méjì, ó sọ ìtàn oko rẹ̀, ó dìde, ó fa okùn. Kò sí ohùn. Ó fà á títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Jínádù mí kanlẹ̀. "Bàbá, n kò ní í purọ́ fún yín mọ́. Ẹ́ńjìnnì yìí yóò kó yín sí gbèsè epo. Àmọ́ ẹ gbá igi rẹ̀ wò."

Bàbá gbá igi. Ó ra ọkọ̀ náà láìsí ẹ́ńjìnnì, ó béèrè àjẹ̀, ó sì tù ú lọ sílé. Jínádù fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ alájẹ̀ mìíràn, kò sì sí ẹni tó gbọ́ kí òun àti aya rẹ̀ bára wọn jà lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, bí nǹkan bá ti ń dán, tó ń ké, tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ kóo tó dé rárá, má sanwó. Ẹni tó bá ẹ́ńjìnnì ní gbígbóná, kó jókòó kó tutù. Ti Jínádù ṣì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Ó ti tutù dáadáa báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lè wá.