Àwẹ̀ró àti Ẹ̀gún Ọ̀pẹ

Ní ìlú Ìrágbèmí láyé àtijọ́, ọdún mẹ́fà gbáko ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi ń sin oníṣègùn kó tó jókòó fún ìdánwò. Ẹni tó bá yege di igbákejì oníṣègùn, ó lè dá tọ́jú aláìsàn. Ẹni tó bá kùnà, kó yáa padà sídìí ìkòkò àgbo fún ọdún mẹ́ta mìíràn, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Àwẹ̀ró wà lára àwọn tó fẹ́ jókòó lọ́dún kan. Òdìkejì odò ló ti wá, láti abúlé tí kò ní oníṣègùn kankan. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú sí nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ wá gba ìtọ́jú. Ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró ti sọ pé òun lòun máa jẹ́ oníṣègùn abúlé àwọn, kò sì fìgbà kan ṣiyèméjì.

Ṣùgbọ́n ọmọ yìí fẹ́ràn ìbéèrè, àfi bíi pé wọ́n bí i mọ́ ọn! Aláìsàn ò ní tíì jókòó tán tí yóò ti máa bi í pé kí ló jẹ, ibo ló sùn, ta ni àìsàn náà tún ń ṣe nílé. Ògúndìran, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, ewé ló ń kà sórí tọ̀sán-tòru ní tirẹ̀. Òun ló sọ ọ́ ní Ìyá Abéèrè.

"Ìyá Abéèrè," ó ní, "tó o bá bi aláìsàn léèrè níwájú àwọn àgbà oníṣègùn lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n á ní o ò mọ nǹkan kan. Ojú ni oníṣègùn gidi fi ń rí i."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. "Ojú tèmi ò wọnú ara, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ni ara ló mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ ṣáà máa wò mí."

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n gbé àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Láníyọnu síwájú wọn. Ibi tí itan rẹ̀ ti pàdé ikùn wú gan-an. Ògúndìran wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ka ewé eéwo méje láìmí. Inú àwọn àgbà dùn sí i.

Ó wá kan Àwẹ̀ró. Ó kúnlẹ̀ ti aláìsàn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ògúndìran fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa á. Àwẹ̀ró kò dúró.

"Ọjọ́ kẹjọ rèé," Láníyọnu dáhùn.

"Kó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ibo lẹ gbà?"

Àgbà kan jágbe mọ́ ọn. "Ewé la ní kó o dárúkọ, a ò ní kó o bá a tàkúrọ̀sọ!"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ jẹ́ kó dá mi lóhùn ná."

"Oko ọ̀pẹ ni mo gbà," Láníyọnu sọ. "Nǹkan gún mi lẹ́sẹ̀, mo sì fà á yọ. Ìyẹn ti jinná."

Àwẹ̀ró bu omi, ó fọ àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kan ibì kan, Láníyọnu ké, "Yéè!" Àwẹ̀ró mú abẹ́rẹ́, ó tú u, ẹ̀gún ọ̀pẹ tó kù síbẹ̀ sì jáde tòun tọyún.

"Ibí ni àìsàn náà gbà wọlé," Àwẹ̀ró sọ. "Ká lẹ ewé mọ́ itan yẹn títí dọdún, kò ní lọ."

Ọ̀sányìnbí, olórí àwọn oníṣègùn, gba ẹ̀gún náà, ó wò ó títí.

"Ewé eéwo lèmi náà ní lọ́kàn," ó jẹ́wọ́. "Ogójì ọdún rèé lẹ́nu iṣẹ́, mo ṣì ṣìnà. Ọmọ yìí béèrè ọ̀nà, ó sì débẹ̀." Ó bọ́ àpò ewé èjìká ara rẹ̀ fún un. "Gbà. Àwọn èèyàn rẹ ń retí rẹ."

Ògúndìran fúnra rẹ̀ ló bá a gbẹ́rù dé etí odò. "Ìyá Abéèrè," ó ní, tìtìjú-tìtìjú, "kí lo tiẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ná?"

Ọ̀rọ̀ Ọ̀sányìnbí lọ́jọ́ náà làwọn àgbà gbà sẹ́nu, òun ni wọ́n sì ń pa lówe títí dòní pé: ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.