Òfin Ẹ̀yìn Odò

Lọ́dún tí ìgbóná jà, Baálẹ̀ Ọ̀jẹ́làbí ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá ti òkèèrè bọ̀ gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ méje lẹ́yìn odò kó tó wọ̀lú. Òfin náà gba ìlú là.

Ìgbóná lọ tán, Ìyálóde ní, “Bàbá, ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ẹ jẹ́ ká tún òfin yìí wò.”

Baálẹ̀ kọ̀. “Ohun tó gbà wá là kò lè pa wá.”

Lọ́dún kẹta, Àyọ̀ká ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá bímọ nílé, ìrọbí sì mú un lọ́nà. Àwọn aṣọ́bodè dá a dúró. Kí agbẹ̀bí tó sọdá, ọmọ inú Àyọ̀ká ti kú.

“Ẹ ò ṣe jẹ́ kó wọlé?” Baálẹ̀ ń sunkún.

“Bàbá, òfin yín ni.”

Ó pa òfin náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Àyọ̀ká kò sọdá mọ́; ilé ọkọ rẹ̀ ló padà sí.