Ẹnà Ọ̀nàwùmí Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ọmọ ìyá kan náà ni Àwẹ̀ró àti Ọ̀nàwùmí, ní agboolé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ní ìlú Òkè-Ìràwé. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí kó tó kú, Àwẹ̀ró sì ni ẹ̀gbọ́n. Nítorí pé wọn kò ní alábàárò mìíràn, wọ́n dá ẹnà kan sílẹ̀ láàrin ara wọn ní kékeré. Wọn a mú ọ̀rọ̀ láti ìrù wá sí orí. Bí Ọ̀nàwùmí bá fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, "Rówẹ̀à" ni yóò pè é. Ojú ìyàwó bàbá wọn ni wọ́n ti máa ń fi ẹnà yìí sọ fún ara wọn pé ebi ń pa àwọn, obìnrin náà kò sì mọ nǹkan kan.

Ọ̀nàwùmí dàgbà, ó di gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ kò jọ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó lè dùbúlẹ̀ sórí àpáta láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi kàntàrí, kó máa wo bí àwòdì ṣe ń gun atẹ́gùn láìju apá. Bí wọ́n bá pa ewúrẹ́, orúnkún rẹ̀ ni yóò tọrọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ jẹ ẹ́ o. Yóò tú u wò ni, kó lè mọ ohun tó so egungun mọ́ egungun. Ohun gbogbo tó bá rí ni ó ń fi irin gbígbóná yà sára pátákó: bí omi ṣe ń yí po lẹ́yìn òkúta, kẹ̀kẹ́ onígi tí yóò máa pọn omi láti inú odò wá sínú oko, ìyẹ́ ńlá onígi tí a fi awọ bò, èyí tí ó gbà pé ènìyàn lè fi fò balẹ̀ láti orí àpáta. Pátákó wọ̀nyí kún ìyẹ̀wù kan dé àjà. Ẹ̀gbẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ló ń fi àmì ṣàlàyé sí, ẹnà ìgbà èwe rẹ̀ ló sì fi dá àwọn àmì náà. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Kódà, kò kọ́ Ọ̀nàyẹmí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

"Ọgbọ́n tí a bá sá sí gbangba," a máa wí, "adìẹ ni yóò ṣà á jẹ."

Ní gbogbo ìgbà yìí, Àwẹ̀ró ti wà nílé ọkọ ní ìlú òkèèrè. Ó ti pẹ́ tí ó ti wálé gbẹ̀yìn. Ìròyìn àbúrò rẹ̀ ni ó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn alájàpá: ó ti gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin, ó ti ṣe èyí, ó ti ṣe tọ̀hún. Inú rẹ̀ a máa dùn.

Ní ọdún kan, ìròyìn tí wọ́n mú wá yàtọ̀. Wọ́n ní Oníràwé, ọba ìlú, bẹ Ọ̀nàwùmí pé kó wá nǹkan ṣe sí Odò Ìkọ̀ tí ń gbé àwọn àgbẹ̀ lọ lọ́dọọdún nígbà òjò. Ọ̀nàwùmí ya àwòrán afárá onígi àti okùn kan, tí kò ní òpó kankan nínú omi, tó jẹ́ pé bèbè méjèèjì ni yóò fi ẹsẹ̀ tì. Iṣẹ́ ti dé ìdajì nígbà tí ó wọ inú odò lọ lápá ọ̀hún, tó fi ọwọ́ tọ́ abẹ́ bèbè wò, tó sì padà sílé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí ó ti gbé pátákó sórí itan pé kí òun ya ohun tí òun rí, àrùn ẹ̀gbà gbé e ṣánlẹ̀. Ọwọ́ òsì kú, ẹsẹ̀ òsì kú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ti dàrú.

Àwẹ̀ró di ẹrù rẹ̀, ó mú ọ̀nà pọ̀n.

Àárọ̀ ọjọ́ ìjẹṣu ló wọ Òkè-Ìràwé. Ìlú dá wáí, gbogbo ènìyàn ti lọ sétí odò. Ìyá arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà agboolé ni ó kí.

"Ẹ kú ilé o, ìyá. Ọ̀nàwùmí ńkọ́?"

"Ẹga tiwa?" ni ìyá náà dáhùn, kò sì ní in lọ́kàn láti fi í ṣẹ̀sín, orúkọ tí gbogbo ìlú ń pè é nìyẹn. "Ó wà lẹ́yìnkùlé, tí ó ń pàtótó."

Ọ̀rọ̀ náà gún Àwẹ̀ró láyà. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìnkùlé náà lóòótọ́, tí àwọn ẹyẹ ẹga ti fi ìtẹ́ bò láti òkè délẹ̀, tí wọ́n ń ké tí wọn kò sinmi. Ọyáfúnkẹ́, ìyàwó Ọ̀nàwùmí, jáde wá pàdé rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ẹkún sì gbà á lẹ́nu.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ẹ má bínú sí ohun tí ẹ máa bá o. Ìgbà tó ń fi ìdí wọ́ lọ sí odò ni Ìjòyè Ọ̀tún ní ká fi okùn so ó lẹ́sẹ̀, kó má baà kó sómi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ké látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀nàyẹmí dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, 'Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, mò ń bá iṣẹ́ yín lọ, kí ọdún tó dé a ó ti parí rẹ̀.' Ẹkún ni bàbá rẹ̀ bú sí."

Wọ́n wọlé. Orí ẹní ni Ọ̀nàwùmí wà, ó ti rù hangogo, ẹnu rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wo obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀.

"Rówẹ̀à," ni ó wí.

Omi bọ́ lójú Àwẹ̀ró. Kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó. Ó fẹ́ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Ọ̀nàwùmí fi ọwọ́ ọ̀tún tó ṣẹ́ kù gbá a lápá mú.

"Lẹ̀ibẹ́láwàmio!" ni ó ké. "Lẹ̀ibẹ́láwàmio!"

Àwẹ̀ró gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ahọ́n. Ó ti gbàgbé púpọ̀ nínú ẹnà wọn, ṣùgbọ́n ó hàn sí i pé ẹnà náà nìkan ló kù lẹ́nu àbúrò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀, láti ìrù lọ sí orí. Omi. Omi wà. Omi wà lábẹ́ ilẹ̀.

"Wolẹ̀i?" ni ó bi í. Ilẹ̀ wo?

Ọ̀nàwùmí na ọwọ́ sí apá ibi tí odò wà. Ọ̀rọ̀ wá tú jáde lẹ́nu rẹ̀ wìtìwìtì, bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Omi ti jẹ abẹ́ bèbè ọ̀hún tán. Èèpo lásán ló kù lókè. Bí ènìyàn bá pọ̀ lórí afárá, bèbè náà yóò já.

"Kí ló ń sọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi?" ni Ọyáfúnkẹ́ bi í.

"Ọ̀nàyẹmí dà?"

"Ó ti lọ. Òun ni Kábíyèsí ní kó ṣíwájú àwọn tó máa gbé iṣu tuntun gun afárá."

Àwẹ̀ró já síta. Ó sáré. Gèlè rẹ̀ bọ́, kò bojú wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ni ó ń tún wí lẹ́nu bí ó ti ń sáré, pé kó má baà sọ ọ́ nù. Nígbà tó dé etí odò, èrò pọ̀ bí eṣú. Ọ̀nàyẹmí àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ru iṣu ti dé àárín afárá, àwọn obìnrin tí ń kọrin sì ń tẹ̀ lé wọn. Àwẹ̀ró ya àárín èrò, ó la ẹnu, ó kígbe pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀:

"Lẹ̀ibẹ́láwàmio! Lẹ̀ibẹ́láwàmio!"

Àwọn ènìyàn bojú wẹ̀yìn. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. "Ẹga mìíràn tún dé!" Ẹ̀rín náà ràn káàkiri. Ọ̀tún, ìjòyè tí ọba fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà, juwọ́ láti ìdí afárá.

"Ẹ bá mi gbé ìyá yìí kúrò lọ́nà."

Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró tó mọ ohun tó ti ẹnu òun jáde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara rẹ̀ lẹ́nu. "Omi wà lábẹ́ ilẹ̀! Ẹ padà! Ọ̀nàyẹmí, padà!"

Ọ̀nàyẹmí gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó yíjú padà. Ojú rẹ̀ ni ó kọ sí Àwẹ̀ró nígbà tí bèbè ọ̀hún ya lulẹ̀. Okùn já, afárá dojú dé, orin sì di igbe.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni omi gbé lọ lọ́jọ́ náà, kò sì sí agboolé tí kò sọkún. Ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún ni wọ́n ti rí òkú Ọ̀nàyẹmí lọ́jọ́ kejì, tí igi afárá há a mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí wọn kò jẹ́ kí Ọ̀nàwùmí gbọ́ sí, Oníràwé fúnra rẹ̀ wá sí ilé Ọ̀nàwùmí pẹ̀lú àwọn ìjòyè. Ọ̀tún kò lè gbójú sókè. Ọba jókòó sórí àpótí, ó ní, "Àwẹ̀ró, bá mi sọ fún un pé mo ní kó má bínú sí mi."

Àwẹ̀ró sọ ọ́. Ọ̀nàwùmí wo ọba. Ó yí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bi í ní ọ̀rọ̀ kúkúrú kan.

"Kí ló wí?" ni ọba bèèrè.

"Kábíyèsí, ó ní ọmọ òun dà. Ó ní kí ló dé tí kò wá kí òun."

Ọyáfúnkẹ́ fi ìborùn bo ojú. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀ létí, ó fi ẹnà bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní afárá náà dúró. Ó ní Ọ̀nàyẹmí ló kọ́kọ́ gun ún, pé ó ti kọjá sí òdìkejì odò, pé iṣẹ́ ló dá a dúró lọ́hùn-ún. Ojú Ọ̀nàwùmí rọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fi orí lélẹ̀.

"Kí lo sọ fún un?" ni Ọ̀tún bèèrè.

Àwẹ̀ró fa aṣọ bo àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọba fi ọwọ́ mú Ọ̀tún lápá pé kó fi í sílẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí Ọ̀nàwùmí fi kú. Ọba kó àwọn pátákó rẹ̀ lọ sí ààfin, ó ní kí Àwẹ̀ró wá kà wọ́n. Àwẹ̀ró wo ìyẹ́ onígi, ó wo kẹ̀kẹ́ omi, ó fi ìka tọ àwọn àmì náà títí, ó sì mi orí. Ẹnà ẹnu ni òun gbọ́. Àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ̀yìn tí òun lọ sílé ọkọ ni àbúrò òun dá wọn. Inú ààfin ni ikán ti jẹ wọ́n tán. Àwọn ará Òkè-Ìràwé ò sì fi Ọ̀nàwùmí ṣẹ̀rín mọ́. Àwọn tó rẹ́rìn-ín létí odò lọ́jọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wọn, tó fi di òwe lẹ́nu àgbà títí dòní pé: Ẹni tí kò gbọ́ ẹnà ní í sọ pé ẹga ń pàtótó.