Ilé tí Ẹ̀ga Kọ́ de Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Mopélọ́lá, ká ẹsẹ̀ rẹ kúrò nídìí iná. Inú mi dùn lálẹ́ yìí, gbogbo yín lẹ pé. Ẹ máa bá mi gbe orin o, ẹni tí kò bá gbè ni màá máa pe orúkọ rẹ̀.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ẹ̀ga, ẹyẹ kékeré tí ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí orí rẹ̀ dúdú bí èédú. Ó dá lórí Ẹ̀ga àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀ga ń gbé lórí ọ̀pẹ kan láàárín igbó. Ọ̀pẹ bàbá rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ti í fò. Nígbà tó gbé Àwẹ̀ró níyàwó, ilé tó fi ń ṣe àpọ́n náà ló mú un wọ̀. Ilé ọ̀hún ti gbó, okùn rẹ̀ ti fẹ́ẹ́ já, ṣùgbọ́n Ẹ̀ga ní, "Á ṣì gbé wa." Àwẹ̀ró yé ẹyin sínú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀fúùfù ńlá dé. Fììì, fììì, gbùà! Ilé já, ó bọ́ lulẹ̀, ẹyin sì fọ́.

Àwẹ̀ró ò bú ọkọ rẹ̀. Ì bá bú u, ì bá sàn. Ó kàn ń wo ilẹ̀ níbi tí ẹyin fọ́ sí, ó wò ó, ó wò ó. Nígbà tó yá ló ní, "Baálé mi, mò ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi lódìkejì odò. Bí o bá ti kọ́ ilé tí èmi àti ọmọ lè gbé, ránṣẹ́ pè mí, màá wá. Ṣùgbọ́n má pẹ́ o. Ẹyin mìíràn ń bọ̀ nínú mi. Bí mo bá fi lè yé e sílé ìyá mi, ibẹ̀ náà ni màá ti tọ́ wọn dàgbà, mi ò sì ní padà mọ́."

Ó na ìyẹ́ rẹ̀, pẹrẹrẹ, ó lọ.

Ẹ̀fúùfù yẹn ba àwọn ẹ̀ga yòókù tí wọ́n jọ ń gbé lórí ọ̀pẹ náà lẹ́rù. Wọ́n kó lọ sórí àwọn ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé àwọn èèyàn. Wọ́n ní kí Ẹ̀ga bá àwọn lọ. Ẹ̀ga ní òun ò lọ, ọ̀pẹ bàbá òun nìyí. Ilé tó fẹ́ kọ́ ló gbà á lọ́kàn, kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n kó tán.

Àárò Àwẹ̀ró wá ń sọ ọ́. Ẹ̀yin ò tíì mọ àárò, ọmọdé ni yín. Bí Ẹ̀ga bá rí kòkòrò tó sanra, á gbé e sẹ́nu, á fò dé orí ọ̀pẹ, ibẹ̀ ni yóò ti rántí pé kò sí ẹni tí òun fẹ́ gbé e fún. Á jù ú sílẹ̀, kòkòrò á rìn lọ. Bí oòrùn bá ń wọ̀, á kọjú sí odò, á máa kọrin. Ẹ gbè é báyìí pé "Ilé ń dúró."

Àwẹ̀ró mi tó sọdá odò,
*Ilé ń dúró.*
Mo ya imọ̀, mo fi hunlé,
*Ilé ń dúró.*
Atẹ́gùn wọlé, kò bá ẹnì kan,
*Ilé ń dúró.*
Ta ni mo fẹ́ gbóúnjẹ fún o?
*Ilé ń dúró.*
Àwẹ̀ró, bọ̀ kóo wá wò ó,
*Ilé ń dúró.*

Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́ náà. Ó ya imọ̀ ọ̀pẹ, fàì! Ó kì í bọ ibí, ó fà á yọ lọ́hùn-ún. Fàì, ó kì í, ó fà á. Láyé ìgbà yẹn, bí baálé bá ń kọ́lé, ara tirẹ̀ ló fi ń wọn gbogbo rẹ̀. Bó bá ti ga tó o, tó fẹ̀ tó o, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá Ẹ̀ga ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni Ẹ̀ga ṣe. Ó fi àyà rẹ̀ wọn ẹnu ọ̀nà, ó fi ìyẹ́ rẹ̀ wọn yàrá. Ilé náà rí rìbìtì, ó ń dán, ó ń fì dìrọ̀dìrọ̀.

Àdàbà ń kọjá lọ. Òdìkejì odò ni Àdàbà ń gbé. Ó bà, ó ń wò.

"Ẹ̀ga, ta lò ń kọ́ ààfin yìí fún?"

"Àwẹ̀ró ni."

"Ilé tèmi, igi díẹ̀ ni mo tò léra. Bí mo bá sùn sínú rẹ̀, mò ń rí ilẹ̀ láàárín igi."

"Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ yín fi ń já bọ́."

"Wọ́n á tètè kọ́ bí a ti í fò ni."

Ẹ̀ga rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Àdàbà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá délé, ẹ bá mi sọ fún Àwẹ̀ró pé ilé ti parí."

Àwẹ̀ró dé. Ẹ̀ga ń fò yí i ká, gbogbo ohun tó ti ń kó jọ láti bá a sọ ló fò lọ lórí rẹ̀. Àwẹ̀ró wo ilé náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní, "Ó dára, baálé mi." Ó ki orí bọ ẹnu ọ̀nà, orí wọlé. Ó ki èjìká bọ̀ ọ́, èjìká wọlé. Ó ku ikùn. Ẹ mọ̀ pé ẹyin ń bẹ nínú rẹ̀. Ikùn ní òun ò wọlé. Há!

Ẹ̀ga bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń tì í.

"Rọra, Ẹ̀ga, ẹyin ni ò ń tì yẹn."

Ẹ̀ga fà á jáde, pọ́ọ̀! Àwọn méjèèjì jókòó sórí imọ̀, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

Àwẹ̀ró ní, "Ta lo fi wọn ẹnu ọ̀nà yìí?"

"Èmi ni."

"Mo rí i. Á jẹ́ pé ìwọ lo máa yé ẹyin náà."

Ó rẹ́rìn-ín, Ẹ̀ga náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, Àwẹ̀ró na ìyẹ́, pẹrẹrẹ, ó sọdá odò. Ẹ̀ga tú ilé náà palẹ̀, fàì, fàì, fàì. Bí oòrùn ti ń wọ̀, ó kọjú sí odò. Ẹ gbè é.

Àwẹ̀ró mi tó sọdá odò,
*Ilé ń dúró.*
Ẹnu ọ̀nà á gbà ọ́ wọlé,
*Ilé ń dúró.*
Àwẹ̀ró, bọ̀ kóo wá wò ó,
*Ilé ń dúró.*

Ó tún kọ́ òmíràn. Fàì, ó kì í, ó fà á. Ó ya ẹnu ọ̀nà fẹ̀ǹfẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sísàlẹ̀ kí òjò má baà bọ́ sí i. Àdàbà kọjá, ó ní, "Ẹnu ọ̀nà rẹ yìí fẹ̀ o. Ṣé màlúù lò ń retí ni?" Ẹ̀ga ní kó kàn bá òun jíṣẹ́.

Àwẹ̀ró dé. Ikùn rẹ̀ ti tóbi sí i, bó bá ń fò, ó ń sinmi lọ́nà. Èkùrọ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fún un, ó ní, "Kí o tó kó ọmọ síbẹ̀, kó èkùrọ́ síbẹ̀ ná." Àwẹ̀ró wọlé, wọ́ọ́rọ́wọ́, ikùn àti gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ga ń jó níta. Àwẹ̀ró gbé èkùrọ́ sílẹ̀ nínú yàrá. Atẹ́gùn kékeré kan fẹ́, ilé mì díẹ̀, èkùrọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Gbìrì, gbìrì, gbìrì, ó dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí ohun tó dá a dúró. Ó já bọ́. Pó!

Àwọn méjèèjì ń wo èkùrọ́ nílẹ̀, níbi tí àwọn ẹyin ìjọ́sí fọ́ sí gan-an.

Ẹ̀ga ní, "Àwẹ̀ró, mi ò rò ó débẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìgbà tí màá yé ẹyin ti ń sún mọ́ o, Ẹ̀ga. Mò ń mọ̀ ọ́n nínú ara mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún lè fò wá."

Ó lọ. Ẹ̀ga tú ilé palẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, orin ò tiẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ ti ha. Ẹ fún un lóhùn tiyín, ẹ jọ̀ọ́.

Àwẹ̀ró mi tó sọdá odò,
*Ilé ń dúró.*
Má tíì yé o, dákun dúró,
*Ilé ń dúró.*

Ẹ̀ẹ̀kẹta, Ẹ̀ga ò sinmi. Fàì, ó kì í, ó fà á. Ẹnu ọ̀nà fẹ̀, ó kọjú sísàlẹ̀. Ó wá hun ibì kan ga sókè láàárín yàrá àti ẹnu ọ̀nà, bí ẹní fi ìgbátí sí àwo. Ó mú èkùrọ́ ìjọ́sí nílẹ̀, ó gbé e sínú yàrá, ó mi ilé náà, jìgìjìgì, èkùrọ́ ò lọ síbì kankan. Ó ṣa ìyẹ́ rírọ̀ tẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí Àdàbà kọjá, kò rí ohun tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Màá jíṣẹ́," ó lọ.

Àwẹ̀ró dé. Ó wọlé, ó yí ara rẹ̀ ká, ó jókòó sórí ìyẹ́ rírọ̀. Ó ní, "Ẹ̀ga, ó rọ̀ mí lọ́rùn." Ọkàn Ẹ̀ga balẹ̀. Ó ní òun ń lọ wá oúnjẹ ìrọ̀lẹ́.

Àwẹ̀ró ku òun nìkan. Oòrùn ń wọ̀. Ó na ọrùn jáde bí gbogbo obìnrin ṣe ń ṣe nírọ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó rò pé bóyá wọn ò gbọ́ ni. Ó gbé ohùn sókè, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ará ilé." Imọ̀ ọ̀pẹ kan ń gbo ara lára èkejì, wìrìwìrì. Ìyẹn nìkan. Ó wo ọ̀tún, ibi tí ilé ìyá kan wà tẹ́lẹ̀, ó ṣófo. Ó wo òsì, ó ṣófo. Ó rò ó pé, "Bí ejò bá ń gun ọ̀pẹ yìí bọ̀ tí Ẹ̀ga ò sí nílé, ta ló máa pariwo fún mi? Bí ọmọ mi bá ṣí ojú, ta ló máa kí mi kú ewu?"

Nígbà tí Ẹ̀ga gbé oúnjẹ dé, ilé ti ṣófo. Ibi tí Àwẹ̀ró jókòó sí ṣì gbóná.

Ẹ̀ga wọlé, ó jókòó síbi tó gbóná yẹn títí tó fi tutù. Kò bínú, kò tú ilé palẹ̀. Ó ń wá ohun tó kù. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀, ó wo òrùlé, kò rí i. Ó wá na ọrùn síta, ó ní, "Ẹ kú ilé o," bí ìgbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé. Ó dákẹ́, ó ń retí. Nígbà náà ni etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ bí ibẹ̀ ti dákẹ́ tó.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó sọdá odò. Ìyá Àwẹ̀ró wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ga dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ó fi àyà lélẹ̀ lórí ẹ̀ka.

Ìyá ní, "Àna mi, ṣé ilé mìíràn lo tún wá fi ń pè wá ni?"

"Rárá, ìyá. Ìbéèrè ni mo wá bi ọmọ yín."

"Tètè bi í o. Àárọ̀ yìí ló ti ń to koríko ibi tó máa yé ẹyin sí."

Àwẹ̀ró jáde. Ẹ̀ga wò ó, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Àwẹ̀ró, irú ilé wo lo fẹ́? Níbo lo fẹ́ máa jókòó? Ta lo fẹ́ máa kí?"

Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn. Ó ní, "Láti ìgbà tí o ti ń kọ́lé, òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí." Ó wá ń sọ ọ́. Ó ní kí ilé wà níbi tí òun á ti máa gbọ́ bí ìyàwó ẹlòmíràn ṣe ń bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó ní kó wà níbi tí ọmọ á ti rí ọmọ bá ṣeré. Ó ní ohun tó fẹ́ kò pọ̀. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí i, ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ nínú ilé náà?"

Ẹ̀ga ò bi ara rẹ̀ rí. Ó rò ó pẹ́. Ó ní, "Bí mo bá ń ti oko bọ̀, mo fẹ́ máa gbọ́ ohùn rẹ kí n tó rí ọ."

Ìyá Àwẹ̀ró yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní èéfín kó sí òun lójú. Kò sí iná níbẹ̀ o.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lọ sórí àwọn ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn. Ọ̀pẹ bàbá Ẹ̀ga ṣe é láàánú, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń lọ. Àwọn ẹ̀ga yòókù jáde sí wọn, wọ́n ṣe ọ̀wẹ̀ fún un. Ẹni yìí ń ya imọ̀, ẹni yẹn ń hun ún. Àwẹ̀ró dúró sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n fi ikùn rẹ̀ wọ̀n ọ́n, gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Ilé parí kí oòrùn tó wọ̀. Àwẹ̀ró wọlé, kò jáde mọ́, ó yé ẹyin.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Ẹ̀ga ń ti inú oko ọkà bàbà bọ̀, kò tíì rí ọ̀pẹ kankan, igi ló pọ̀ níwájú rẹ̀. Ó wá gbọ́ ariwo ẹ̀ga, wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, bí ọjà. Láàárín gbogbo ariwo yẹn, ó gbọ́ ohùn kan tó yàtọ̀. Ẹ̀ga ò fò kíákíá mọ́. Ó rọra ń fò, kó lè pẹ́ kó tó délé, kó lè máa gbọ́ ọ.

Títí di òní, bí ẹ bá dé ìdí ọ̀pẹ ẹ̀ga, ẹ wò ó: ẹnu ọ̀nà wọn ń wo ìsàlẹ̀, ohun kan ń dá ẹyin dúró nínú rẹ̀, ilé wọn sì ń fara kan ara wọn.

Ẹ̀kọ́ tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, kó tó wọn ilẹ̀, kó lọ jókòó ti àwọn tó máa gbé inú rẹ̀, kó bi wọ́n léèrè. Ohun tí ojú ẹnì kan fò, ẹni tó máa fi ẹyin wọlé á rí i. Kó sì bi wọ́n léèrè pẹ̀lú pé ta ló máa dá wọn lóhùn bí wọ́n bá kí èèyàn nírọ̀lẹ́.

Àlọ́ mi ti wọlé, ó ti rí ibi jókòó. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí ẹnu mi má jẹ nínú iṣu tó wà nínú iná yẹn. Ẹ yọ ọ́ wá, ẹ jẹ́ ká wò ó.