Ẹni Tó Mọ Ibi Tí Olúkúlùkù Ń Jókòó

Obìnrin kan wà ní ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn. Olùkọ́ ilé-ìwé ni, Olùkọ́ náà sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ní kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó ń ya fọ́tò, fọ́tò ń bàjẹ́, ó tún ń yà á, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, á lọ yà wọ́n. Bí arúgbó kan bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bà á lójú, á ní kó dákun má tíì dìde. Owó ara rẹ̀ ló fi ń tẹ fọ́tò jáde, á kó wọn sínú àpò ìwé, á gbé wọn lọ fún oníǹkan nílé. Wọ́n á ní, "Olùkọ́, Ọlọ́run á san án fún ọ." Wọ́n á sì fi sísan náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni kógbá sílé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ohun tí ọwọ́ náà mọ̀ ọ́n ṣe, ó kọ ọ́ sára pátákó, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà: "Mo ń ya fọ́tò ẹbí. Owó ni."

Ìlú rẹ́rìn-ín. Àwọn tí fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ wọn ló rẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ní eré tó ń bá àwọn ṣe látọjọ́ yìí ló wá fẹ́ sọ di iṣẹ́. Ọkùnrin kan, tí kò sí ìkómọ rẹ̀ tí Olùkọ́ kò yà, dá a dúró lójú títì, ó ní, "Olùkọ́, ṣé ìka tó ń tẹ kámẹ́rà ti di góòlù ni?" Oṣù mẹ́rin kọjá, kò sí oníbàárà kan. Ohun tó kù fún un kò ju méjì lọ: kí ìlú gbà pé iṣẹ́ ni, tàbí kó ká pátákó nílẹ̀, kó lọ máa bá àbúrò rẹ̀ ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ní Ṣakí.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìlú náà tó fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n káàkiri. Mi ò ní sọ iye wọn, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọn kò tíì pé jọ lójú kan láti ìgbà ìsìnkú bàbá wọn. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá yìí bèèrè lọ́wọ́ wọn: kí òun rí gbogbo wọn nínú fọ́tò kan, kí òun gbé e kọ́ sí ọ̀kánkán bẹ́ẹ̀dì òun. Àgbà nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà, lọ bá Olùkọ́ pé kó wá bá wọn yà á lọ́jọ́ Sátidé. Olùkọ́ dúpẹ́, ó sì sọ iye rẹ̀. Ẹnjiníà wò ó bí ẹni tí wọ́n bú.

"Anti Olùkọ́, ṣé lọ́wọ́ àwa náà lẹ ti fẹ́ gbowó? Ṣebí ẹ kàn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni."

Olùkọ́ ní òun kì í kàn tẹ̀ ẹ́. Ẹnjiníà ní bó bá jẹ́ ti owó ni, òun á kúkú mú ẹni tó mọṣẹ́ wá láti Ìbàdàn. Ó sì mú un wá. Iye tó san fún ti Ìbàdàn tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí Olùkọ́ pè, kò sì ní kó dín kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ayafọ́tò Ìbàdàn dé pẹ̀lú iná ńláńlá àti agbòjò funfun tí wọ́n fi ń darí iná. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Àmọ́ ojú tí èèyàn fi ń to ìgò ló fi ń to wọ́n. Ó kó àwọn ẹni gíga sẹ́yìn, ó kó àwọn kúkúrú síwájú, ó sì ní kí ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ń dán sún mọ́ Ìyá. Ti ìyàwó Ẹnjiníà ló dán jù, ó bá fi í jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún Ìyá. Ìyàwó àbúrò Ẹnjiníà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àǹkárá ló wọ̀. Ayafọ́tò ní kí ìyẹn bọ́ sẹ́yìn.

Ẹnjiníà pẹ́ kó tó gbéyàwó. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti lo ọdún mọ́kànlá nínú ilé náà, ó ti ń pọnmi, ó ti ń wẹ Ìyá nígbà àìsàn, kí ìyàwó Ẹnjiníà tó wọlé. Nílé wa, ọjọ́ tí obìnrin wọlé ọkọ la fi ń mọ àgbà; kì í ṣe ọjọ́ orí ọkọ, kì í sì í ṣe aṣọ. Ìyálé ló jẹ́ fún ìyàwó Ẹnjiníà. Obìnrin náà kò jà. Ó ní òun ń lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, kò sì padà. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn ọmọ wọn tẹ̀lé wọn. Àkọ́bí Ìyá, obìnrin tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún Ẹnjiníà fúnra rẹ̀, tí wọ́n tì sí ìkangun ìlà, ní ó dáa bẹ́ẹ̀, òun náà dìde. Kò pẹ́ tó fi ku Ìyá nìkan lábẹ́ agbòjò funfun, pẹ̀lú ìyàwó Ẹnjiníà tí kò mọ ibi tí yóò gbójú sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn kan nínú wọn ń wọkọ̀ padà.

Ìyá ní, "Ẹ lọ pe Olùkọ́ fún mi."

Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló lọ. Ó bá Olùkọ́ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ròyìn fún un. Àánú Ìyá ṣe Olùkọ́. Ó ti la ẹnu láti ní kò sí wàhálà, kí àwọn máa lọ. Àmọ́ ó mọ̀ pé bí òun bá lọ lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, ọ̀fẹ́ náà ni òun á máa ṣe títí. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, iye tí mo pè níjọ́sí náà ni. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀. Ẹ san án kí n tó mú kámẹ́rà."

Ẹnjiníà san án.

Nígbà tí Olùkọ́ débẹ̀, kò tíì yọ kámẹ́rà nínú àpò. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá, ó ń bi í léèrè: ta ló kọ́kọ́ wọlé nínú àwọn ìyàwó, ta ló tẹ̀lé e, ta ni wọ́n bí ṣáájú ta. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìdáná lọ.

"Ìyàwó àgbà, àga yín ṣófo. Bí ẹ ò bá jókòó, kò sẹ́ni tó lè jókòó tẹ̀lé yín."

Obìnrin náà fi etí aṣọ nuwọ́, ó jáde. Olùkọ́ fi í sí ọ̀tún Ìyá, ó fi ìyàwó Ẹnjiníà tẹ̀lé e, ìyẹn sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀. Ó mú àkọ́bí wá sí òsì. Ẹnjiníà ti ń rọra lọ sí àárín.

Olùkọ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n tiyín rèé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kàn yín."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àkọ́bí ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ẹni tí yóò bá òun sọ ọ́ fún un. Ẹnjiníà pàápàá rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni Olùkọ́ ti yà wọ́n.

Ayafọ́tò Ìbàdàn jókòó sórí àpótí iná rẹ̀, ó ń wò. Ó sọ fún Ẹnjiníà pé, "Ọ̀gá, èmi ni mo wá tẹ̀ ẹ́. Obìnrin yìí ló ṣiṣẹ́." Ó gba nọ́ńbà Olùkọ́. Fọ́tò náà dé ọ̀kánkán bẹ́ẹ̀dì Ìyá, àlejò tó bá sì wọlé ni Ìyá ń fi hàn. Kí oṣù tó parí, ilé méje ti wá bá Olùkọ́, wọ́n mú owó lọ́wọ́, àwọn tó rẹ́rìn-ín sì wà nínú wọn.

Ìwọ ni mò ń bá wí, ìwọ tí ò ń dirun fún gbogbo àdúgbò, ìwọ tí ò ń se ìrẹsì ayẹyẹ fún ẹbí ọkọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nítorí pé iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọ, tí kò sì sẹ́ni tó fún ọ ní ìwé ẹ̀rí, o rò pé kò tó nǹkan. Ẹni tó ń pè é ní eré, wò ó bó ṣe ń sanwó fún àlejò tí kò mọ ìdajì ohun tí o mọ̀. Bó bá wù ọ́ láti fúnni, fúnni, ẹ̀bùn dára. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ nítorí pé ojú ń tì ọ́ láti sọ̀rọ̀, ẹ̀bùn kọ́ nìyẹn. Lọ́la, ẹnì kan á wá bi ọ́ pé èló ni. Yóò máa retí kí o ní kó má ṣèyọnu. Sọ iye rẹ, kí o sì dákẹ́.