Orúkọ Kì Í Gun Ọ̀pẹ

"Orúkọ kì í gun ọ̀pẹ." Bí àlejò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Òkè-Ahùn, ẹnu á yà á. Ta ló ti rí orúkọ tó ní ẹsẹ̀ rí, ká má tíì sọ pé ó fẹ́ lọ kọ ẹyìn? Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ tó bá mú ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni, ọmọ yòówù kó jẹ́. Ìdí nìyí tí Ìgè fi pọ̀ ní Òkè-Ahùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìgè kan wà tó dá nìkan lé ogun padà létí odò. Ìgè kan wà, obìnrin ni, òun ló rí ìsun omi tí ìlú ń mu. Ìgè kan sì wà tó gun ọ̀pẹ oko àgbẹ̀ kan, Akínbọ̀dé, nínú òjò.

Ìgè tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò bá ọ̀kankan nínú wọn tan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ fún un. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an lómi, á ní, "Ìyá, ta ló rí ìsun yẹn? Ṣebí àwa Ìgè ni!" Ìyá rẹ̀ á gbé ìkòkò fúnra rẹ̀, á máa kùn lọ.

Ìfẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ Akínbọ̀dé, wá kó sí i lórí. Àna ẹni sì rèé, a gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ fún un kí ó tó fa ọmọ lé ni lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, Ìgè kó ọ̀rẹ́ dé oko. Akínbọ̀dé ní kí àwọn ọ̀rẹ́ máa kọ ebè.

"Ní tìrẹ, Ìgè, ọ̀pẹ tí ẹ̀yin Ìgè gùn nínú òjò nìyẹn. Ẹyìn rẹ̀ ti pọ́n."

Ìgè kò fọwọ́ kan igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ rí láyé rẹ̀. Ojú tì í láti sọ bẹ́ẹ̀, ló bá fi igbà kọ́ra, ó di ojú, ó ń gùn. Kò pẹ́ tó fi figbe ta:

"Ìgè ajagun, gbà mí o! Ìgè onísun, gbà mí!"

Àwẹ̀ró tó gbé oúnjẹ wá dúró nísàlẹ̀. "Èwo nínú wọn ni ká ránṣẹ́ sí?"

Ìgè la ojú. Ibi tó gùn dé kò ga ju ẹ̀yìn ewúrẹ́ lọ. Ìtìjú mú un jọ̀wọ́ igbà, ẹni tó fi ẹsẹ̀ wáyé bá fi ìdí balẹ̀ gbì níwájú àna!

Akínbọ̀dé kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, orúkọ kì í gun ọ̀pẹ. Máa lọ ilé. Ọjọ́ tí o bá kọ ẹyìn yìí ni wàá mú ìyàwó rẹ."

Ó dun Ìgè wọ egungun. Ó tọ akọ̀pẹ kan lọ, ó ń gùn, ó ń já bọ́, ó tún ń gùn, títí àyà rẹ̀ fi bó. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀rùn, Akínbọ̀dé gbọ́ tí ìdì ẹyìn ń já lulẹ̀ lóko.

"Ta ló wà lókè yẹn?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ìwọ ta?"

"Èmi tí mo fẹ́ fẹ́ Àwẹ̀ró ni."

Wọ́n fún un níyàwó. Nígbà tí Àwẹ̀ró bímọ, ẹsẹ̀ lọmọ náà fi wá. Àwọn agbẹ̀bí hó yèè: "Ìgè dé! Ajagun dé! Onísun dé!"

Bàbá ọmọ ti wà lẹ́yìnkùlé, ó ń hun igbà kékeré kan. Orúkọ kì í gun ọ̀pẹ.