Arógunjó, Akọni Tó Sùn Lójú Ogun

Ní àkókò tí àwọn akónilẹ́rú ń jó ìletò kiri, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé inú ilé òun ni òun yóò jí sí lọ́la. Ilẹ̀ á mọ́, èéfín lásán lèèyàn máa rí níbi tí abúlé wà lánàá. Báyìí ni ìlú baba àwọn ará Ìdó-Àràbà ṣe jóná ráúráú. Àwọn tó ṣẹ́kù ru èbù iṣu lórí, wọ́n pọ̀n ọmọ sẹ́yìn, wọ́n sì tẹ̀lé Arógunjó ọmọ Ògúndìran wọ inú igbó, títí wọ́n fi dé ìdí igi àràbà ńlá kan lórí òkè, níbi tí ó ti ní, "Ibí ni." Arógunjó! Adúmáadán, géńdé tí í fi èjìká ti ilẹ̀kùn ibodè, ọkùnrin tí ojo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí yóò dìde mú ọfà. Ẹ̀mí gbogbo wọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìletò tuntun yìí bá tú, kò tún sí ibòmíì tí wọ́n lè sá lọ.

Àwọn èèyàn yìí ní àṣà kan, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ fún wọn: àṣà burúkú gbáà ni. Ẹni tó bá dá iná àkọ́kọ́ sí ilẹ̀ tuntun, òun nìkan ló gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ títí wọn yóò fi jẹ iṣu tuntun ibẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíì kò gbọdọ̀ fi igi sí i. Wọ́n gbà pé ẹni tó dá ìlú sílẹ̀ ni ìlú fúnra rẹ̀, tó bá fi lè ní ó rẹ òun pẹ́nrẹ́n, ìlú ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lóde òní, ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ irú iná bẹ́ẹ̀ dáadáa, orúkọ mìíràn lẹ kàn ń pè é.

Arógunjó ń gbẹ́ yàrà, ó ń mọ odi yí ìlú ká lọ́sàn-án, ó ń pín ilẹ̀, ó ń parí ìjà, ó sì ń ṣọ́ iná tí òun fúnra rẹ̀ dá lóru. Bí wọ́n bá ní, "Baba, ṣé àlàáfíà ni?" á ní, "Ara le koko." Ara le lóòótọ́. Ọkàn ni kò le mọ́. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọdé bá rẹ́rìn-ín, á jágbe mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbà kọjá, ó sì ń rí orí èèyàn lára kùkùté igi. Ó pa á mọ́ra, ó ń dá a jẹ, torí ojú ń tì í.

Àwọn akónilẹ́rú kò mọ ohun tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kò lè fojú fo èéfín. Wọ́n á dáná sí apá ìlà-oòrùn òkè, Arógunjó á fọn ìwo, á kó gbogbo ọmọ ogun jáde, eérú nìkan ni wọ́n máa bá. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ léraléra, kí ó lè rẹ ìlú kí wọ́n tó kọlù ú. Nígbà tó pẹ́, ó tilẹ̀ ń fọn ìwo láìsí èéfín rárá. Ó sú àwọn ọmọ ogun. Igbákejì rẹ̀ ni Ọdẹ́gbàmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Òun ló gbóyà sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn.

"Arógun, ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀."

"Kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí o gba ìwo lọ́wọ́ mi, àbí? Mo ti mọ̀ tipẹ́! Ìwọ lò ń bá wọn dáná yẹn!"

Háà! Ẹnu ya gbogbo èèyàn. Ọdẹ́gbàmí rọra gbé ọrun rẹ̀ sílẹ̀, ó yí padà, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò yọjú síbi àpérò mọ́.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ lọ bá a nídìí iná. Arógunjó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó fò dìde, ó yọ àdá. Àdá ti wà lókè kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀. Kò sá.

"Bàbá Àbáyọ̀mí, èmi ni. Èmi Àwẹ̀ró ni. Ṣé ẹ sùn?"

Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò sùn. Mi ò rántí ìgbà tí mo sùn gbẹ̀yìn. Mo wò ọ́, ọ̀tá ni mo rí. Àwẹ̀ró, ẹ̀rù ara mi ń bà mí."

Ó bú sẹ́kún, akọni tí ẹnikẹ́ni kò rí omijé rẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ lọ sọ fún wọn."

"Kí n lọ sọ pé orí mi ti dàrú? Wọn á tú ká kí oòrùn tó kan àtàrí."

"Tí ẹ ò bá sọ, ta lẹ máa yọ àdá sí lẹ́yìn mi?"

Ẹ̀ṣọ́ figbe ta láti orí odi: "Èéfín o! Èéfín lápá ìlà-oòrùn!" Àwọn ọmọ ogun ya bo ibodè, wọ́n gbé ọfà dání, wọ́n ń wo ẹnu Arógunjó. Àwọn ìyá ti ń gbé ọmọ sẹ́yìn. Arógunjó mú ìwo lọ́wọ́, ó ń wo èéfín. Ó rí asà, ó rí ọ̀kọ̀, ó rí ogunlọ́gọ̀ èèyàn lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìwo dé ẹnu, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́. Mo rí ọmọ ogun níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, mo rí ọ̀tá lára ìyàwó mi, mo sì yọ àdá sí i. Ojú mi ń tàn mí jẹ. Ọkàn mi ń ṣàìsàn, kò sì yẹ kí ẹni tó wà nírú ipò yìí kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi ikú. Ojú tì mí ni mi ò fi sọ. Ọdẹ́gbàmí, níbikíbi tí o bá wà, gbangba ni mo ti purọ́ mọ́ ọ, gbangba náà ni mo ti ń bẹ̀ ọ́. Wá gba ìwo yìí. Iná yẹn ńkọ́, ẹni tó bá sún mọ́ ọn kó fi igi sí i. Èmi ń lọ sùn."

"Èèwọ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà kan pariwo. "Ìlú ti tú!"

Gbogbo wọn ń wo ojú ọ̀nà ilé Ọdẹ́gbàmí. Ọkùnrin náà lè jókòó sílé o, kò sì sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Àmọ́ ó yọ, ó gba àárín èrò kọjá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwo.

"Lọ sùn," ó ní. "A wà níbí."

Àwẹ̀ró ló lọ fi igi sí iná. Àwọn àgbà dijú. Iná náà kàn ń jó lọ ní tirẹ̀. Ọdẹ́gbàmí ní kí ẹnikẹ́ni má jáde, kí wọ́n ti ibodè, kí gbogbo tafàtafà lọ dákẹ́ sórí odi lápá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí èéfín kò sí. Wọ́n dúró, òógùn ń bọ́. Nígbà náà ni igbó ìwọ̀-oòrùn dìde! Àwọn akónilẹ́rú tú jáde pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ìlú òfìfo ni wọ́n ń bọ̀ wá kó. Yàrà tí Arógunjó gbẹ́ gbà wọ́n, ọfà sì bò wọ́n mọ́bẹ̀. Ìwọ̀nba tó sá lọ kò padà wá mọ́ láéláé.

Arógunjó kò gbọ́ ìkankan. Ó sùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bó ṣe lajú, ó gbá ẹní mú.

"Ìlú dà?"

"Ìlú ń jẹun," Àwẹ̀ró dá a lóhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé oorun ẹ̀ẹ̀kan ló wò ó sàn. Ó pẹ́ kó tó yéé gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Oko ló ń lọ, Ọdẹ́gbàmí ló ń di ìlú mú, àwọn méjèèjì sì jọ ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìkórè ló tó gba ìwo padà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń gbé e fún ara wọn títí ọjọ́ ogbó.

Títí dòní, bí àwọn ìjòyè Ìdó-Àràbà bá wọlé tọ Baálẹ̀ láàárọ̀, wọn kì í dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó béèrè pé, "Ṣé ẹ sùn?" Òótọ́ ni ó gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Bí ó bá ní òun kò sùn, igbákejì á gba ọ̀pá àṣẹ fún ọjọ́ náà, wọn á tẹ́ ẹní fún Baálẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní lọ rojọ́ rẹ̀ níta. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ki ọmọ ìdílé Arógunjó, wọn kì í kọ́kọ́ mẹ́nu ba ogun tàbí òkú ọ̀tá. Wọ́n á ní: Ọmọ a-sùn-kí-ìlú-má-tú.